Ẹgbàárùn-ún Ó Lé Méje

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lánàá nígbà tí Ìyá Ìjọ wọlé, tí wọ́n ní Bọ̀dá Láoyè, ẹ̀gbọ́n mi, ti kú. Ẹnu mi là sílẹ̀, kò pa dé. N kò sunkún.

Ìṣirò ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé ìjọ. Ẹ̀wà ni wọ́n sì fi kọ́ èmi náà ní kékeré. Wọ́n máa ń ní iye kan wà tó lágídí: tò ó ní ìlà méjì, tò ó ní mẹ́ta, ìlà kan yóò ṣáà kúrú. Àfi kí o tò ó ní ìlà kan gbọọrọ.

Ẹ̀gbẹ́ atẹ ẹ̀wà náà ni oorun ti gbé mi lọ, tí mo fi lá àlá tí mò ń rọ́ fún yín yìí.

Mo bá ara mi nínú ọ́fíìsì kan tó léfòó sórí odò. Akọ̀wé kan wà nídìí tábìlì. Iye kan jókòó lórí àpótí, ẹ̀wà ni gbogbo ara rẹ̀, ó dé fìlà ẹ̀gbọ́n mi.

Akọ̀wé ní, "Ohun tí Láoyè fi sílẹ̀ nìyí. Ẹgbàárùn-ún ó lé méje. A óò pín in. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di ti ọ́fíìsì."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ìdí-igi ni, ní iye ìyàwó, àbí orí-ò-jorí, ní iye ọmọ?"

"Ìyàwó méjì ni wọ́n ní, sà. Ìjọ bínú títí, ó rẹ ìjọ."

Ó pín in sọ́nà méjì fún àwọn ìyàwó. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù. Itọ́ yọ lẹ́nu akọ̀wé, irùngbọ̀n ewúrẹ́ sì hù sí i lágbọ̀n. Ó pín in fún àwọn ọmọ Bọ̀dá márààrún. Ẹyọ méjì ṣẹ́ kù. Ìwo yọ. Ó dán mẹ́ta wò, ó dán méje wò, pàbó ni. Nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà lórí tábìlì. Mo bá a gbé ìgò yíǹkì kúrò kí ó má baà tẹ̀ ẹ́.

Ó ké bí ewúrẹ́, ó ní, "Ẹyọ kan péré ni n óò jẹ! Kí ni ẹyọ kan nínú ẹgbàárùn-ún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ ẹ́! Bí ẹ bá yọ ẹyọ kan, ẹnikẹ́ni ló lè là á sí méjì. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi mọ́!"

Iye náà ṣí fìlà. Ohùn Bọ̀dá gan-an ló jáde: "Àwẹ̀ró, má pariwo. Iye tí mo jẹ́ ni kí o fi pín mi. Ẹnì kan, ẹyọ kan."

Mo yọjú lójú fèrèsé, mo pe gbogbo ẹni tí Bọ̀dá ti kọ́ rí. Wọ́n ń rìn bọ̀ lórí omi nínú yúnífọ́ọ̀mù, àwọn mìíràn ti hu ewú. Oníkálukú mú ẹyọ kan. "Ẹ ṣé, tíṣà." "Ẹ ṣé, tíṣà." Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Fìlà nìkan ló wà lórí àpótí. Akọ̀wé lá tábìlì lásán.

"Mẹ́ẹ̀," ó wí.

"Mẹ́ẹ̀," ó tún wí sí mi létí, mo sì jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti ki ẹnu bọ atẹ, ó ti jẹ ẹ̀wà mi tán. Mo lé e jáde.

Èyí tó dà sórí ẹní ni mo ṣà jọ. Méje ni. Mo tò ó ní ìlà méjì, ọ̀kan kúrú. Mo tò ó ní mẹ́ta, ọ̀kan gùn. Ìgbà yẹn ni ẹnu mi tó pa dé, tí omi bọ́ lójú mi.

Mo mú ọkọ́, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sì gbìn wọ́n ní ìlà kan gbọọrọ.