Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò, Orúkọ Ẹ̀gbọ́n

Olùkọ́ ìṣirò ni Ọlápàdé l'Ókìtìpupa. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ bó bá ti fojú kan abẹ́rẹ́, òógùn á bò ó, òòyì á sì máa kọ́ ọ. Rọpárọsẹ̀ ló pa bàbá rẹ̀. Torí ìyẹn ni Olúwaṣìkẹ́mi, ìyàwó rẹ̀, kò ṣe jẹ́ kó sinmi: àfi kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rá àti ṣúgà ti pọ̀ jù lára èèyàn, kí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ má baà bá a lójijì.

Nígbà tí Ọlápàdé kò rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí mọ́, ó pe Adébọ́lá, àbúrò rẹ̀ tó ń fún epo pupa ní Igbotako. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó wá fún wọn lẹ́jẹ̀ níbi àyẹ̀wò náà, kó sì pe ara rẹ̀ ní Ọlápàdé. Adébọ́lá rẹ́rìn-ín títí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, láì tíì jẹun, ó gun ọ̀kadà wá, ó na apá fún wọn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, ó sì lọ jẹ pùpùrú àti ẹja ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọlápàdé fúnra rẹ̀ ló lọ gba èsì. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ náà ti pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, ṣúgà náà ti ń gòkè. Obìnrin tó fún un ní ìwé èsì náà kìlọ̀ pé kó tètè lọ rí dókítà, pàápàá bí ẹnì kan bá ti ní rọpárọsẹ̀ rí nínú ẹbí. Ọlápàdé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà.

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kò sí wàhálà kankan. Ó pinnu pé òun á sọ fún Adébọ́lá lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, Gbémisọ́lá, ìyàwó Adébọ́lá, á gbọ́, Olúwaṣìkẹ́mi náà á sì gbọ́. Ojú tì í. Ọjọ́ Àìkú yẹn kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Bó bá sì ti rí àbúrò rẹ̀ tó ń dá ìdì ẹyìn gbé, á sọ fún ara rẹ̀ pé kí ló lè ṣe irú ọkùnrin yìí.

Oṣù méje lẹ́yìn tí èsì náà jáde, Adébọ́lá ṣubú síbi tó ti ń se ẹyìn. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé mọ́. Ní ọsibítù, dókítà bi Gbémisọ́lá bóyá ọkọ rẹ̀ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rí. Ó ní rárá.

Ọlápàdé dúró tì wọ́n. "Ó ti ṣe é," ó wí. "Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i. Èsì rẹ̀ kò dára."

Gbémisọ́lá yíjú sí i. "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti tó oṣù méje."

Kò bá a jà. Ó kàn yí lọ sí òdìkejì bẹ́ẹ̀dì, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Adébọ́lá kò kú. Ó ń lo oògùn lójoojúmọ́, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ rìn, ọ̀rọ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ọlápàdé padà lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Wọn ò rí nǹkan kan, kò sì lè yọ̀ sí i.

Gbogbo Sátidé ló máa ń lọ sí Igbotako láti mú àbúrò rẹ̀ rìn dé títì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sinmi, ó tọrọ àforíjì. Adébọ́lá rọra dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti lọ rí dókítà."

Ó wu Ọlápàdé kí àbúrò rẹ̀ bú òun, ṣùgbọ́n Adébọ́lá ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i pé kó fa òun dìde.