Mo Dé Ibẹ̀ Fúnra Mi

Mo fi èékánná họ ògiri náà nígbà tí alágbàtà ilé kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọ̀dà tuntun ni, mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀, àmọ́ láti ilẹ̀ dé ìbàdí nìkan ni wọ́n kùn ún dé. Láti ìbàdí lọ sókè, ọ̀dà àtijọ́ ni, ó ti ṣá. Mo nu èékánná mi mọ́ ṣòkòtò.

Alágbàtà yíjú padà, ó ní mò ń yẹ ilé wò bí ọlọ́pàá. Ẹ̀rín kì í tán lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi láti ọjọ́ tí a ti pàdé. Ìyàwó mi ní kó má dá mi lóhùn, pé bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé mo máa ń wo abẹ́ àwo kí n tó jẹun. Ó dúró lójú fèrèsé, ó na ọwọ́ méjèèjì sí atẹ́gùn òkun. Mo rí àwọn ìka rẹ̀ tí kì í ṣeé ká nílé wa. Ó ń ká wọn, ó sì ń nà wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Nítorí àwọn ìka yẹn la ṣe wà níbẹ̀. Làkúrègbé ti wọ̀ ọ́ lára, dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé tí a bá tún fi ọdún díẹ̀ sí i gbé nínú òtútù ìlú olókè tí a wà, wọn yóò máa gbé e dìde ni, wọn yóò máa gbé e jókòó. Ó ní kí a wá etíkun tó móoru lọ. Ní ìlú etíkun méjì àkọ́kọ́ tí a dé, a béèrè iye tí wọ́n ń ta ilé, a sì rọra yí padà, torí owó ìfẹ̀yìntì mi nìkan la gbójú lé. Èyí ni ìkẹta. Ó móoru, ilé ìwòsàn kò jìnnà, iye rẹ̀ sì bá wa mu. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú.

Mi ò fọkàn tán alágbàtà kankan láyé. Ọ́fíìsì ilẹ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwé wọn ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Mo mọ ìrìn wọn, mo mọ ẹ̀rín wọn, mo sì mọ ohun tó máa ń wà nínú báàgì tí wọ́n bá gbàgbé sábẹ́ tábìlì.

Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ilé yòówù tí mo bá ti wọ̀ rí, nísàlẹ̀ ògiri, nítòsí orúnkún, ni ibi tí wọ́n ń ki wáyà iná bọ̀ máa ń wà. Nínú ilé yìí, wọ́n ga dé èjìká mi. Ní pálọ̀, ní yàrá, ní ilé ìdáná, gbogbo wọn ló wà lókè bí ẹni pé òmìrán ló ń gbé ibẹ̀. Mo bi Ẹlẹ́rìn-ín pé kí ló fà á.

"Nítorí àwọn ọmọdé ni, Dádì," ó ní. "Kí wọ́n má baà ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ìdáhùn náà yá jù fún mi. Mo béèrè ìwé ilẹ̀, ó ní ó wà ní ọ́fíìsì òun, pé a óò rí i lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ sanwó. Ìyàwó mi fọwọ́ tọ́ mi, ó ní kí n jẹ́ kí ara ó sinmi. Nígbà tí fóònù ọkùnrin náà dún, tó jáde síwájú ilé láti gbà á, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Ògiri aládùúgbò ni mo fẹ́ wò.

Aránṣọ ni aládùúgbò náà, obìnrin kan tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo kí i, ó ní kí n wọlé, mo sì ti rí ohun tí mo wá wò kí n tó jókòó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ náà ga dé èjìká. Nísàlẹ̀, nítòsí orúnkún, ojú ibi tí ti àtijọ́ wà ṣì hàn. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí i.

Ìyàwó mi ti tẹ̀ lé mi dé. Òun ló fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá ọmọ kékeré wà nínú ilé.

"Kò sí ọmọdé ládùúgbò yìí mọ́, Mà," ni aránṣọ dáhùn. "Omi ti lé àwọn òbí wọn lọ."

Ó ròyìn rẹ̀ fún wa láì gbé ohùn sókè. Lọ́dọọdún, tí òjò bá pọ̀ tí òkun sì kún, omi máa ń wọlé dé ìbàdí. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀sán gangan ló ya dé. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, sáré wọlé láti yọ wáyà ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tí obìnrin náà ń lò nígbà náà, torí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Omi ti dé sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn ìsìnkú ni gbogbo àdúgbò pe oníṣẹ́ iná, tí oníkálukú gbé tirẹ̀ sókè. Ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò láti ọjọ́ náà.

Mo bi í bóyá ìjọba ṣe nǹkan kan. Ó ní òun ti wọ ọ́fíìsì méje, ìwé kan náà ni gbogbo wọn sì ń fi han òun. Ó dìde, ó mú ẹ̀dà ìwé náà láti inú àpótí òwú, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó ń rán.

Mi ò nílò awò ojú. "Mo dé ibẹ̀ fúnra mi, mo fẹsẹ̀ rìn ín yíká, mo sì jẹ́rìí pé omi kì í dé ibẹ̀." Mo ti kọ gbólóhùn yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi lè kọ ọ́ kí ojú mi máa wo ibòmíràn. Nígbà tí mo kọ èyí, ilẹ̀ náà kò tíì ní orúkọ aládùn tí Ẹlẹ́rìn-ín fi ń tà á. Nọ́ńbà lásán ni, lórí fáìlì lásán, láti etíkun kan tó jìnnà sí wa ní ìrìn odidi ọjọ́ kan. Mi ò dìde lórí àga. Ẹni tó gbé fáìlì wá gbé páálí kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, hítà oníná tuntun tó ń mú ilé móoru ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e relé fún ìyàwó mi, mo ní èmi ni mo rà á. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

"Wọ́n ní ìwé sọ pé omi kì í dé ibẹ̀," ni aránṣọ ń wí, "nítorí náà kì í ṣe omi ló pa ọkọ mi. Wọ́n ní àìkíyèsára ni. Mi ò fẹ́ bá ẹni tó kọ ọ́ jà, bàbá. Ọjọ́ tó wá ni mo kàn fẹ́ bi í. Torí pé ọkọ mi ló kan òrùlé ilé àkọ́kọ́ níbí, a ò sì rí àlejò kankan tó wá yẹ ilẹ̀ wò."

Mo gbọ́ tí mo ń sọ pé ìfọwọ́sí náà kò ṣeé kà.

Ìyàwó mi gba ìwé náà. Ó fi ìka rẹ̀ tọ gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i ló ti ń ka ìwé ọwọ́ mi. Ó wo déètì tó wà nísàlẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọjọ́ tí mo gbé hítà wálé ló ń rántí.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, "ọjọ́ wo lẹ wá?"

Aránṣọ wò ó, lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó gba ìwé rẹ̀, ó ká a, ó dá a padà sínú àpótí òwú, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a fi jáde. Ojú tì mí débi pé mi ò lè kí i pé ó dàbọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ti ń pè wá láti ilé kejì pé àwọn mìíràn ń bọ̀ wá wo ilé náà tó bá di ọ̀sán.

Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti padà sílé, òtútù sì ti dé. Ìyàwó mi kò lè de bọ́tìnì aṣọ rẹ̀ láàárọ̀ mọ́, èmi ni mò ń bá a dè é. Hítà náà wà lẹ́yìn ilé, nínú ìrì. Ìyàwó mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ ọ jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ra òmíràn. Ó ní òun kò fẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Ẹlẹ́rìn-ín pè mí, ó ní tíṣà kan tó fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀ ti ra ilé náà. Ó ní àwọn náà kọ́kọ́ ń fura nítorí sọ́kẹ́ẹ̀tì, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí ìwé tó ní omi kì í dé ibẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀.

Lẹ́tà kan wà lórí tábìlì tí a ti ń jẹun, ìyàwó mi ló kọ ọ́ sí ọ́fíìsì ilẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ ọ́ pẹ̀lú àwọn ìka yẹn, ìlà rẹ̀ sì wọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Mi ò dé ibẹ̀ rí kí n tó fọwọ́ sí ìwé náà." Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀, ó fi àyè ìfọwọ́sí sílẹ̀ lókè rẹ̀, ó sì gbé bírò lé e. Àwa méjèèjì mọ̀ pé tí lẹ́tà yẹn bá jáde, owó ìfẹ̀yìntì lè má wọlé mọ́. Kò tíì sọ pé kí n fọwọ́ sí i. Tí a bá fẹ́ jẹun, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí a bá jẹun tán, yóò sún un padà síwájú mi.