Ohùn Tó Kù Sọ́wọ́ Ẹ̀dà Kẹta

Ìgbín ni àwọn ará ọ́fíìsì ń pè é, nítorí pé kì í kánjú, ṣùgbọ́n kò sí igi tí í gùn tí kì í dé òkè rẹ̀. Obìnrin náà ló ń tọ́jú Alárinà, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn wá sọ́fítíwíà tó bá fẹ́, tó ń kó gbogbo èròjà rẹ̀ jọ, tó sì ń tò ó sórí ẹ̀rọ láìjẹ́ kí olúwarẹ̀ làágùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá rẹ̀ wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀.

"Ìdílé kọmpaila yẹn, yọ àwọn arúgbó ibẹ̀ kúrò. Láti ẹ̀dà kẹwàá sókè ni ká máa bá lọ. Ta ló tún ń lo ẹ̀dà kẹta láyé ìsinsìnyí?"

"Mo ti gbọ́, sà."

Kọmpaila ni ògbufọ̀ tó ń sọ ohun tí èèyàn kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Nínú ìdílé tí ọ̀gá ń wí yìí, bàbá ńlá wà níbẹ̀, bàbá wà, ọmọ náà wà, àmọ́ wọn ò gbọ́ra wọn yé mọ́. Àṣẹ tí ọmọ ń retí kó tó ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá fi rán bàbá ńlá, á ní òun ò mọ irú ẹ̀ rí, á sì jókòó pa. Ìgbín nìkan ló mọ bó ṣe ń là wọ́n níjà.

Kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan tí wọ́n fi mú tọkọtaya àgbà kan wọlé wá bá a. Bàbá gbá kọ̀ǹpútà méjì mọ́ àyà bí ẹni gbé ìbejì. Màmá ń tẹ̀lé e, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan.

"Má bínú, ọmọ mi," Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ kó tó jókòó. "Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni mo bá wá."

Tíṣà ìṣirò ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni Màmá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, òun ló ń sọ fún gbogbo ìlú pé, "Ẹ dúró díẹ̀, mo ń so yín pọ̀." Ẹni tí kò mọ ojú rẹ̀ rí mọ ohùn rẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí àìsàn mú un lọ́fun. Kí dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn: omi, jókòó, mo gbọ́, má gbàgbé. Iṣẹ́ abẹ náà gba ohùn Màmá. Lẹ́yìn náà ni Bàbá, tí kò kọ ètò kọ̀ǹpútà rí láyé ẹ̀, wá kọ́ ọ, ó sì kọ ètò kan fún un. Tí Màmá bá ti tẹ ọ̀rọ̀, ohùn ara rẹ̀ ló ń jáde.

"Ẹ̀rọ àtijọ́ kú lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn," Bàbá wí. "Gbogbo fáìlì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n tuntun yìí ò gbà wọ́n."

Ìgbín gbìyànjú rẹ̀ wò. Kọmpaila tuntun ka àṣìṣe mọ́kànlélógójì sílẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n bá yín tún un kọ?"

"Ibi tí èmi kọ ò le. Ibi tó ń gbé ohùn jáde, ọ̀rẹ́ mi kan tó ti dolóògbé ló kọ ọ́. Ẹ̀dà kẹta nìkan ló gbọ́ èdè ẹ̀."

Màmá fa bébà kan mọ́ra. Ó kọ ọ́ pé: *Tí kò bá ṣeé ṣe, má da ara ẹ láàmú, ọmọ mi.* Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìgbín lákínyẹmí ara. Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá.

"Sà, ẹ béèrè ẹni tó ń lo ẹ̀dà kẹta. Wọ́n wà nídìí tábìlì mi."

Ọ̀gá yọjú gba ara gíláàsì ilẹ̀kùn. Ó họrí.

"Ọjọ́ mélòó lo fẹ́?"

"Títí Ọjọ́bọ̀."

"Má ba tàwọn ọmọ jẹ́ nítorí bàbá ńlá o."

Ohun tí Ìgbín kọ́kọ́ ṣe ni pé ó bi kọmpaila kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀dà kelòó ni. Nọ́ńbà ni àwọn tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn. Àwọn àgbà á kọ́kọ́ dárúkọ ilé tí wọ́n ti wá, wọ́n á sọ ọdún tí wọ́n bí wọn, nọ́ńbà á wá gbẹ̀yìn. Ọdún ìbí yìí, tó pọ̀ ju nọ́ńbà ẹ̀dà èyíkéyìí lọ, ni Alárinà ti ń kà sí nọ́ńbà ẹ̀dà, tó wá ń rò pé ẹ̀dà kẹta ni àbíkẹ́yìn ìdílé.

"Abájọ!" Ìgbín bú sẹ́rìn-ín. "Ẹrù géńdé ni wọ́n ń dì lé arúgbó lórí."

Ó tún ibẹ̀ ṣe. Ó wá tò ó lẹ́sẹẹsẹ, àṣẹ tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan gbà àtèyí tí kò gbà. Lọ́jọ́rú tí tọkọtaya náà padà wá, ètò Bàbá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde ń ké bíi ti ewúrẹ́. Màmá rẹ́rìn-ín láìsí ìró títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣẹ kan tó ń mú iṣẹ́ yá lára àwọn ọmọ ló fà á. Lọ́dọ̀ bàbá ńlá, àṣẹ kan náà ń gé ìṣirò kúrú. Ìgbín yọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀dà tí kò tó mẹ́fà.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó sún kọ̀ǹpútà sí iwájú Màmá. Màmá fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó tutù, ó mọ́ gaara:

"Ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ ti ń gbẹnu sọ fún mi. Ẹ ò sọ ọ́ re lọ́jọ́ kan."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Màmá nawọ́ kan sí i léjìká, ó fi èkejì tẹ bọ́tìnì.

"Pẹ̀lẹ́," ohùn náà wí.

Ìgbín kọjú sí fèrèsé, ó ń ṣe bí ẹni ń wá nǹkan. Ọ̀gá tó ti wà lẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn rọra wọlé, ó ní, "Màmá, ẹ kú oríire." Ó wá yíjú sí Ìgbín: "Kò sí arúgbó tá a máa yọ mọ́. Fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Ajé."

Kí oṣù tó parí, lẹ́tà ìdúpẹ́ mẹ́ta ti dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí Ìgbín ò mọ̀ rí. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ilé iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ hun súwẹ́tà.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, Ìgbín kàn sin àwọn àgbà méjèèjì dé orí àtẹ̀gùn ni. Bàbá gbé kọ̀ǹpútà sọ́wọ́ ní ṣíṣí bí ẹni gbé àwo oúnjẹ, Màmá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀, Ìgbín ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń jiyàn lórí bọ́ọ̀sì tí wọ́n máa wọ̀ délé, ohùn méjì.