Ihò Imú Òsì

Ẹni tó bá rò pé aago ló ń sọ fún oníbúrẹ́dì pé búrẹ́dì ti jinná, kò tíì ṣe búrẹ́dì rí. Imú ni. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń dúró ti ààrò ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, imú mi ló sì ń pè mí.

Àfi bí imú ṣe dí. Ọ̀fìnkìn lásán ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ra oògùn tí wọ́n ń kán sí imú, mo kán an, imú là. Nígbà tó ṣe, ó tún dí, mo tún kán an. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é fún oṣù méjì, tí búrẹ́dì sì jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó kàn ní, "Tó bá tún jóná pẹ́nrẹ́n, wàá fi ààrò sílẹ̀, wàá lọ máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá."

Èmi! Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì pé kó fún mi ní oògùn tó le ju ìyẹn lọ. Ó wo ìgò ọwọ́ mi.

"Bọ̀dá, ó tó ọjọ́ mélòó tẹ́ ẹ ti ń lò ó?"

"Oṣù méjì."

"Háà! Kò gbọ́dọ̀ ju bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Tó bá ti pẹ́ jù, oògùn yìí gan-an ló ń mú kí inú imú wú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Èyí tó ń là á náà ló ń dí i?"

"Òun náà ni."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò yé mi síbẹ̀. Ó ní kí n dá oògùn dúró ní ihò òsì ná, kí n máa kán an sí ọ̀tún nìkan, kí n sì máa fi omi iyọ̀ tí mo ti sè tó sì ti tutù fọ imú. Tí òsì bá là fúnra ẹ̀, kí n fi ọ̀tún náà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀tún ń mí, òsì dí pa. Orí mi dàrú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé ìgò sókè sí òsì, tí mo tún gbé e sílẹ̀. Aago ni mo wá ń wò, bí ọmọ iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, nǹkan kan rọra wọ imú mi, ó gbóná, ó dùn díẹ̀. Mo fi ìka di ihò ọ̀tún. Ó ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ aago ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ṣé imú tó ti já mi kulẹ̀ láti oṣù méjì ni kí n gbà gbọ́ ni?

"Kò tíì tó," ẹ̀gbọ́n mi sọ lẹ́yìn mi.

Mo ṣí ààrò. Búrẹ́dì ti pọ́n dáadáa, àwọn tó wà lẹ́yìn tiẹ̀ ti fẹ́ máa dúdú létí.

Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n, ó wò mí. "Ààrò ò kúrò lọ́wọ́ ẹ," ó ní.

Mo jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹkún yẹn sì tún dí ihò méjèèjì pa.