Gúlóòbù Iná Pupa Inú Ọkọ̀ Tísà

Lọ́jọ́ tí Tísà Rupeni àti àwọn ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ wá bẹ ìdílé wa nítorí ikú ìyá mi, abẹ́ ọkọ̀ ni mo sá sí. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo ti wọ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí mò ń tú ohun tí kò bàjẹ́, tí mo tún ń dè é padà. Nínú ilé, àwọn obìnrin ti ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de àwọn àlejò. Gbogbo ìlú wa, Savusavu, ló gbà pé Rupeni ló pa ìyá mi. Èmi nìkan ni mo mọ ẹni tó pa á, nítorí èmi ni.

Inoke lorúkọ mi. Ó di ọdún méjìlélógún tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe nílùú yìí, mi ò sì gbà fún ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ tí ẹ bá rí níbí, Japan ló ti lo èyí tó dára jù nínú ayé ẹ̀, iyọ̀ òkun ló ń jẹ èyí tó kù. Etí, imú àti ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́, tó kàn dún kẹ́ẹ́ tó dákẹ́, má tíì sáré lọ ra bátìrì. Ṣí iwájú ọkọ̀, wàá rí i pé orí bátìrì ti hu ewú, omi gbígbóná lásán ni yóò fọ̀ ọ́. Bó bá ń han láàárọ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n mú lẹ́sẹ̀, tó wá dákẹ́ nígbà tó gbóná, bẹ́líìtì ni. Bí inú ọkọ̀ bá ń ta sánsán bí ìrèké tí wọ́n ń sè, omi rédíétọ̀ ló ń jò. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ búréèkì, tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ bíi kànìnkànìn, yáa dúró. Òróró búréèkì ń jò níbì kan nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun à ń fi falẹ̀.

Ohun tó gbé Rupeni wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Ajé kan nìyẹn. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni.

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi ń rì wọlé bí mo bá tẹ búréèkì. Iná pupa kan sì ń tàn níwájú mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ẹtì."

"Ọjọ́ Ẹtì, o wá ń gbé e kiri. Tísà, ṣé bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn, kí wọ́n jókòó ti iná títí yóò fi jó wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo rò pé yóò kú fúnra ẹ̀ ni."

"Iná yẹn kì í kú fúnra ẹ̀, ìwọ ló máa kú. Gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá tún rí i tó tàn, ibi tí o bá wà ni kí o dúró sí. Má sọ pé o fẹ́ dé ilé. Má sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì kù díẹ̀. Dúró."

Ó mi orí bí ọmọ iléèwé. Mo yọ táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ti tutù fún òróró. Sílíńdà kékeré tó máa ń ti búréèkì mọ́ táyà ti gbó, ó ń jò. Mo ní ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi retí ẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé láti Suva, olú ìlú wa. Mo sọ fún Tísà pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo gbé sílíńdà náà ka orí tábìlì, mo lọ fọwọ́ kí n jẹun ọ̀sán.

Kí n tó nu ọwọ́ tán, Waisea dé. Tavale mi ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀fẹ̀ ni ìkíni láàárín tavale sí tavale. Bó bá kí ọ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó ń bínú sí ẹ nìyẹn.

Ó ní, "Tavale, irun orí rẹ ti tán, ahun rẹ ni kò tán."

Mo ní, "Irun náà rí ẹ lọ́ọ̀ọ́kán ló ṣe sá lọ. Kí lo tún fẹ́ gbà?"

"Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi gbé nǹkan wá fún ẹ." Ojú ẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Tavale, kerekere ni mo bá wá. Bàbá mi gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ nílé ìwòsàn. Búréèkì ẹ̀yìn mi sì ti lọ. Irú ọkọ̀ kan náà ni tèmi àti ti Tísà, o mọ̀."

"Ti Tísà ni èyí, Waisea. Ọkọ̀ ẹ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn."

"Tísà ń gbé ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ létí òkun. Orí òkè lèmi ń gbé. Nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kó ní búréèkì? Àbí o ti di òyìnbó mọ́ wa lọ́wọ́, tí o fi ń sọ 'ti Tísà', 'tèmi', 'tìẹ'?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé ọ̀dọ̀ wa lè máa wò mí pé ṣé mi ò lẹ́nu ni. Bí ẹbí ẹni bá ti pe kerekere, ó ti tọrọ, o ti fún un. Ẹni tó bá ní rárá, ọmọ ọmọ ẹ̀ á gbọ́ ọ. Bàbá àgbà tó ń ṣàìsàn sì rèé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo mú sílíńdà náà, mo nà án sí i. Mi ò kábàámọ̀ pé mo fún un, kẹ́ ẹ gbọ́ mi yé. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni.

Ó yẹ kí n lọ bá Rupeni kí n sọ pé, "Tísà, mo ti fi tìẹ tọrẹ. Máa fẹsẹ̀ rìn títí di Ọjọ́bọ̀ tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbé òmíràn tí mo ti sanwó fún dé." Kò ní bínú. Ẹbí tirẹ̀ náà ń pe kerekere. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Èmi Inoke, tí mo fi ẹnu mi ṣèlérí. Nítorí ojú tó tì mí yẹn, mo mú pílásì, mo tẹ páìpù irin tó ń gbé òróró lọ sí táyà náà pẹrẹsẹ, mo ká a lórí ara rẹ̀ kí òróró má bàa dé ibi tó ń jò. Táyà mẹ́ta á máa dá ọkọ̀ dúró, ìkẹrin á kàn máa tẹ̀lé wọn. Kò sí mẹkáníìkì erékùṣù yìí tí kò ṣe é rí. Mo rọ òróró tuntun kún un, mo tẹ búréèkì, ó le dáadáa.

Ṣùgbọ́n iná pupa náà ṣì ń ṣẹ́jú. Ó tàn, ó kú, ó tún tàn. Mo sì mọ ohun tó ń sọ. Páìpù tí iyọ̀ ti jẹ ni mo ká bí ẹni ká ewé gbígbẹ, ó ti sán níbi tí mo ti ká a, òróró ń yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. N kò rí i lójú, ṣùgbọ́n mo fura. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ òkú: mo mọ̀.

Mo tú iwájú ọkọ̀, mo yọ gúlóòbù iná náà. Kò tó èékánná ọmọdé. Mo sọ ọ́ sínú àpò. Mo ní ọjọ́ mélòó ló kù, ṣebí Ọjọ́bọ̀ ni.

Nígbà tí Rupeni dé, ó tẹ búréèkì wò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Iná ńkọ́?"

"Ṣé o rí i?"

"Mi ò rí i."

"Kí lò ń bèèrè nígbà náà? Etí òkun nìkan ni kí o máa wà á sí o. Má gun òkè títí n ó fi ránṣẹ́ pè ẹ́."

"Kí ló dé?"

"Mo ní má gun òkè."

"Ó dáa, Ọ̀gá."

Lọ́jọ́ Rú, ìyá mi Salanieta sè dalo, irú kókò ọ̀dọ̀ wa, àti ẹja oní-wàrà àgbọn fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó gbé ìkòkò, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé. Bí Rupeni ṣe jáde, ó ní kerekere, kó gbé òun lọ sórí òkè. Rupeni ní, "Màámi, Inoke ní kí n má gun òkè." Ìyá mi ní, "Ta ni Inoke? Ṣebí èmi ni mo bí i. Ṣé òun ni yóò wá máa sọ ibi tí n ó lọ fún mi?" Ó ti jókòó kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ta ni yóò sọ rárá fún arúgbó tó gbé ìkòkò lé itan?

Wọ́n dé ibẹ̀ ní àlàáfíà. Ìyá mi jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fún un lóúnjẹ, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ ni òjò dé. Ní kọ́nà kejì, ẹsẹ̀ Rupeni wọlé dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ohun tó dì í mú. Ọkọ̀ lọ kọ lu igi gbẹ̀rẹ̀fútù, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìyá mi jókòó sí ló fi kọ lù ú. Apá kan ló dá lára Rupeni. Ìyá mi kò dé ilé ìwòsàn.

Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá, nítorí kò sí ibòmíì. Ọlọ́pàá bi mí pé kí ló ṣe búréèkì. Mo ní iyọ̀ ló jẹ páìpù. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Irọ́ kọ́ ni.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ń sọ, ọjọ́ tí mo sá sábẹ́ ọkọ̀. Bàbá Eparama, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ àgbà ìdílé wa, ránṣẹ́ pè mí. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ, mo mú gúlóòbù náà kúrò nínú aṣọ iṣẹ́, mo fi í sápò ṣẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ̀dí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dorí kodò. Rupeni fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. Tabua wà níwájú wọn, eyín àbùùbùtán tí àwọn bàbá wọn ti ń pa mọ́ fún wọn, ó ti pọ́n fún ọjọ́ orí. Bí ọwọ́ Bàbá Eparama bá ti kan eyín náà, a ti sin ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ hú u mọ́, ìbáà ṣe tiwa, ìbáà ṣe tiwọn. Kò sí ìbínú, kò sí ẹjọ́. Ohun tí mo bá fẹ́ sọ, kí ọwọ́ bàbá tó kàn án ni mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Rupeni ni wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. "Inoke kìlọ̀ fún mi kí n má gun òkè, mo gùn ún. Ó ní bí iná pupa bá tàn kí n dúró. Màámi ń sọ ìtàn ìgbà ọmọdé wọn fún mi, mò ń rẹ́rìn-ín, ojú mi kò sí níwájú. Iná yẹn á ti tàn. Èmi ni mi ò wò ó."

Waisea wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kùn sí mi létí pé, "Ẹ̀rín ló ń rín. Ó pa ìyá wa, ẹ̀rín ló ń rín." Ọkọ̀ tirẹ̀ wà níta, búréèkì rẹ̀ le koko.

Mo la ẹnu. Mo fi Ọlọ́run búra, mo la ẹnu. Mo ní, "Bàbá." Bàbá Eparama rò pé ẹkún ló ń gbé mi, ó na ọwọ́ kejì sí mi pé kí n ṣe sùúrù, ó sì fi ọwọ́ kìíní gba eyín náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó parí.

Wọ́n po yaqona, omi gbòǹgbò tí à ń mu níbi ìlàjà, a mu ún, wọ́n dì mọ́ra wọn. Mo jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n Rupeni tẹ̀lé mi. Ó dúró ti ọkọ̀ rẹ̀ tó ti run, ó ń wo iwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ mọ́. Ìbéèrè kan péré, mẹkáníìkì ni mò ń bi, n kò bi ọmọ Salanieta. Bá mi yẹ iná yẹn wò. Mi ò sùn. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó tàn tí mi ò rí i, tàbí kò tàn rárá. Ohun tí o bá sọ ni n ó gbà."

Mo lè sọ pé ó tàn. Mo lè sọ pé ẹ̀rọ ni, ta ló mọ̀. Mo wo ojú ẹ̀, ó ti rù bí ẹni tó ṣàìsàn oṣù mẹ́ta. Mo ti ọwọ́ bọ àpò, mo mú gúlóòbù náà, mo gbé e lé e látẹ́lẹwọ́.

Ó wò ó. Ó tẹrí sínú ọkọ̀, ó wo ihò tó wà níwájú ibi tó máa ń jókòó sí. Ó tún wo ọwọ́ ara rẹ̀. Tísà ni, kò sí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ẹnu rẹ̀ ṣí, mo sì ń retí, ó wù mí kó fi ọwọ́ rẹ̀ tó kù gbá mi létí. Ṣùgbọ́n eyín náà wà nílé lọ́wọ́ Bàbá Eparama. Rupeni fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó pa ọwọ́ dé mọ́ gúlóòbù náà, ó sì bá àwọn ẹbí rẹ̀ lọ sílé.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Kò ra ọkọ̀ mìíràn. Ní agogo méje òwúrọ̀, ó máa ń fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ sí iléèwé, òjò ni, oòrùn ni. Á dúró, á yọ fìlà, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Ọ̀gá." Èmi náà á ní, "Kú àárọ̀, Tísà," n ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀.