Sàráà Ọ̀rọ̀

"Màmá ẹlẹ́ja, kí ni wọ́n ń pe ẹlẹ́rìí lédè Gẹ̀ẹ́sì?"

Sèlíátù dìde, ó di etí tábìlì mú. Adélàjà, olùkọ́ wọn, tẹjú mọ́ ọn. Alábẹ̀wò tó bi Sèlíátù, tó wá dán wọn wò, ti sọ ọ́ láì fepo bọyọ̀: bí àwọn àgbà yìí bá tún fìdí rẹmi bíi ti 1954, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ Ẹ̀pẹ́ di títì pa.

Ẹ̀bi Adélàjà ni ti 1954. Àwọn èèyàn rẹ̀ mọ ìwé í kà, wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò tó wọn. Ogún ló ń kọ sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Àmọ́ ọ̀nà kan ò wọjà. Ní Jímọ̀ọ̀ kan, ó rí Sèlíátù tó ń pín àkàrà sàráà kiri àdúgbò, ọgbọ́n sì sọ sí i lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀.

"Ẹ lọ fi ṣe sàráà," ló wí fún wọn. "Ẹni méje ni kẹ́ ẹ pín in fún."

Wọ́n pín in lóòótọ́. Bísíríyù ọlọ́kọ̀ ojú omi fi Gẹ̀ẹ́sì da èrò láàmú títí dé Agbowa.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Sèlíátù wí. "Mo ti pín in tán ni."

Alábẹ̀wò gbé gègé rẹ̀ láti kọ òdo.

"Wítínẹ̀sì," ni ẹnì kan wí lójú fèrèsé.

Ìyá arúgbó kan ni, Kúbúrátù. "Ọ̀bọ̀kún ni mo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àfi kí n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gba ènì mi."

"Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ yín nìyẹn?" ni alábẹ̀wò bi Adélàjà.

"Rárá, sà. Wọn ò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kankan."

Alábẹ̀wò yọjú síta. Àwọn tó gba sàráà ọ̀rọ̀ ti wá wo ìdánwò, wọ́n kún àgbàlá, oníkálukú ń pe ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ìwé orúkọ sọ́dọ̀ Adélàjà. "Ẹ kọ màmá síbẹ̀. Ta ló máa ti kíláàsì tó ń bímọ?"

Adélàjà fi ìdùnnú kọ orúkọ náà gàdàgbà.

Sèlíátù jókòó, ó sún lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ wá jókòó tì mí, Ìyá," ló wí. "Ẹ̀yin ni wítínẹ̀sì mi."