Ẹni Tó Kọ̀wé Nípa Fíìmù Ọ̀pọ̀lọ́

Moróunkẹ́ kì í ṣépè, ṣùgbọ́n bó bá ti rántí Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, ẹnu a máa yún un. Ọkùnrin náà ni olóòtú ojú ewé fíìmù nínú ìwé ìròyìn òyìnbó tí àwọn méjèèjì ń bá ṣiṣẹ́ ní Kaduna. Iṣẹ́ Moróunkẹ́ ni kó lọ wo fíìmù, kó kọ ohun tó rí. Iṣẹ́ Akínladé ni kó fi bírò pupa fagi lé orúkọ Moróunkẹ́, kó kọ tirẹ̀ sí i, kó fi ránṣẹ́ sáwọn atẹ̀wé, kó sì gba kíláàbù lọ. Kì í ka ohun tó wà lábẹ́ orúkọ náà. Kí ló fẹ́ kà? Ó ṣáà mọ̀ pé ó dáa.

Ọdún kejì rèé tó ti ń jẹ iṣẹ́ oníṣẹ́. Moróunkẹ́ ń gbé e mì, àfi ìgbà tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá dá Akínladé lọ́lá nítorí ọgbọ́n tó fi ń kọ̀wé. Ọ̀gbẹ́ni dìde, ó ka ìpínrọ̀ kan sétí gbogbo èèyàn, ìpínrọ̀ tí Moróunkẹ́ fi ara ibà kọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Bó ṣe jókòó báyìí, ó rí Moróunkẹ́.

"Moróunkẹ́, bá mi mú mínírà kan wá, kó tutù o."

Lọ́jọ́ kejì, Moróunkẹ́ lọ bá a ní ọ́fíìsì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí orúkọ mi wà níbẹ̀, kódà kó wà nísàlẹ̀."

Akínladé rẹ́rìn-ín. "Orúkọ ẹ? Ta ló mọ̀ ẹ́ ní Kaduna yìí?"

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Moróunkẹ́ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ tirẹ̀ ní eyín.

Nígbà tí Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún 1994 dé, Alhaji Yínúsà tó ń ta ohun ìṣeré ọmọdé háyà gbọ̀ngàn kan ní Ungwan Rimi láti fi fíìmù han àwọn ọmọ. Kò sí ilé ọlọ́mọ ní Kabala Doki tí ọ̀pọ̀lọ́ rọ́bà rẹ̀ kò sí, ọ̀pọ̀lọ́ kékeré tí wọ́n bá tẹ̀ nídìí, á fò. Àwọn tó ń ṣe ọ̀pọ̀lọ́ náà ti yà wọ́n sínú fíìmù báyìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọrin.

Moróunkẹ́ mú Ẹ̀bùn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ wò ó. Ọ̀pọ̀lọ́ pààrọ̀ aṣọ, ó tún pààrọ̀ aṣọ, gbogbo aṣọ ọ̀hún ló sì wà lórí àtẹ Alhaji lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín kan, ìyá ọ̀pọ̀lọ́ já sínú kànga. Àwọn tó kù bẹjú wò ó, wọ́n kọrin, wọ́n bá tiwọn lọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí fíìmù fi parí. Ẹ̀bùn bú sẹ́kún. "Mọ́mì, wa zai fitar da ita?" Ta ni yóò yọ ọ́ jáde? Ohun tó ń bi ìyá rẹ̀ nìyẹn títí wọ́n fi délé.

Moróunkẹ́ jókòó ti ìwé. Tẹ́lẹ̀, "àwa òǹwòran" ló máa ń kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, "èmi" ló kọ. "Mo mú ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, Ẹ̀bùn, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ wo fíìmù yìí. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n pè ní fíìmù. Wọ́n fi ìyá sílẹ̀ nínú kànga nítorí pé kò sí aṣọ ìyá lórí àtẹ. Ọmọ mi sunkún délé, èmi tí mo bí i ò sì rí èsì fún un."

Ọkùnrin mẹ́ta ni Akínladé bí. Kò ní obìnrin. Moróunkẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó gbé ìwé náà sórí tábìlì rẹ̀. Bí ọ̀gá bá kà á, ó yọ. Bí kò bá kà á, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Kò kà á. Bírò pupa ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, ìlú gbọ́ ọ. Àwọn òbí ń dá ọ̀pọ̀lọ́ padà, Alhaji Yínúsà ń fapá jánú, lẹ́tà ìyìn sì ń wọlé fún Akínladé. Ọ̀gbẹ́ni gba gbogbo rẹ̀. "Ojú mi yìí ló rí i," ló ń wí káàkiri, kò tilẹ̀ tíì ka nǹkan tó ní òun rí. Moróunkẹ́ ń gbọ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná tó ń gbóòórùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí Ọláfúnkẹ́, ìyàwó Akínladé, ká. "Mọ́mì Juwọ́n, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún wa pé ẹ ti ní obìnrin!" Ọláfúnkẹ́ gba ìwé ìròyìn náà, ó kà á lórí ìdúró. Ọkọ rẹ̀ kúkú ti sọ fún un pé fíìmù lòun lọ wò lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹrù Akínladé ti wà ní fàráńdà.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sídìí tábìlì Moróunkẹ́. "Àbúrò mi, gbà mí. Mú ọmọ ẹ wá kí ìyàwó mi rí i. Sọ fún un pé àwọn atẹ̀wé ló ṣi orúkọ tẹ̀."

"Màá wá, sà," ni Moróunkẹ́ wí.

Olúsọjí, ọkọ rẹ̀, ló wa ọkọ̀ gbé wọn lọ nírọ̀lẹ́. Igi gígé ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwé ìtọ́jú igbó ní Afaka, apá rẹ̀ sì fi iṣẹ́ náà hàn. Ọkọ̀ ti gbóná, ó ní kí wọ́n máa wọlé, òun fẹ́ da omi sí i.

Ọláfúnkẹ́ wo Ẹ̀bùn láti òkè délẹ̀, ó fún un ní bisikíìtì, ó ní kó lọ bá àwọn ọmọ òun ní ẹ̀yìnkùlé. Ó wá kọjú sí Moróunkẹ́. "Ìwọ lo bí i?"

"Èmi ni, mà. Èmi náà ni mo kọ ohun tí ẹ kà. Gbogbo èyí tí ẹ ti ń kà láti ọdún méjì, èmi ni. Ẹ bi wọ́n."

Ọláfúnkẹ́ yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Dádì Juwọ́n, ọ̀kan nínú méjì ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ̀wé yìí, ọmọ yín ni. Bí kì í bá ṣe ọmọ yín, ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́. Èwo ni?"

Akínladé ń làágùn. Ọdún méjì ni Moróunkẹ́ ti ń retí kí ẹnu yẹn là. Ó là á.

"Ọmọ mi ni," ni Akínladé wí.

Moróunkẹ́ wò ó. Ọkùnrin yìí jí ọ̀rọ̀ òun, kò tó o, ó tún nawọ́ sí ọmọ òun! Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n pè é ní alágbèrè ju kí wọ́n mọ̀ pé kò lè kọ̀wé lọ. Ṣùgbọ́n ohùn Moróunkẹ́ ò lọ sókè.

"Ó dáa, sà. Bàbá Ẹ̀bùn wà níta. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n, kí ẹ tún un sọ lójú wọn."

Akínladé yọjú lójú fèrèsé. Olúsọjí ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ọ̀gá kúnlẹ̀ gbì sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Moróunkẹ́, dúró! Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. N kò kọ ìkankan rí. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, èmi kọ́!"

Ọláfúnkẹ́ gbọ́ ọ, ó pòṣé. Ohun tí Moróunkẹ́ wá gbọ́ gan-an nìyẹn, ó pé, kò kù síbì kan. Elòmíràn ìbá ní ó tó.

Moróunkẹ́ ṣílẹ̀kùn. "Bàbá Ẹ̀bùn," ó pè é, "ẹ wọlé wá o. Wọ́n ní àwọn ló bí ọmọ yín."